Ìtàkùn Ìyá Ọkọ Mi Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gé

Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Kò sí ẹni tó tì mí. Ìtàkùn tó bo ògiri apá ìwọ̀-oòrùn ilé wa ní Tokoin, nílùú Lomé, èmi ni mo pe aládàá sí i, èmi ni mo dúró tì í, tí mo ń nawọ́ síbi tí àdá kò tíì dé. Mo fẹ́ àyè fún òdòdó mìíràn. Òdòdó yẹn kò lè gbé ìlú yìí, àwọn tó mọ̀ sì sọ fún mi kí n tó náwó. Mo gbọ́. Mi ò gbà.

Mo ń kọ èyí nítorí ó dá mi lójú pé, nínú ẹ̀yin tó ń kà á, ẹnì kan wà tó ti rí irú òdòdó náà lórí fóònù, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó wà lára ògiri tirẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Clematis ni orúkọ òdòdó náà. Àwọn tó ń sọ Faransé láàárín wa ń pè é ní clématite. Ìtàkùn ni, oríṣi rẹ̀ tó wà láyé sì tó bíi 300, ṣùgbọ́n àwọn olódòdó ńlá tí wọ́n ń gbìn sẹ́nu ọ̀nà ilé ní Yúróòpù ló wọ̀ mí lójú. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Asigamé, àwọ̀ sì máa ń tètè mú ẹni tó bá ń ta aṣọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Faransé ló fi àwòrán ògiri aládùúgbò rẹ̀ ránṣẹ́. Òdòdó náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó jẹ́ elésè àlùkò tó jinlẹ̀, ó sì pọ̀ débi pé a kò rí ewé mọ́. Ìdána ọmọ mi obìnrin ń bọ̀. Mo rò ó pé àwọn àna á wọlé, wọ́n á rí ògiri yẹn, wọ́n á sì béèrè. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, kí wọ́n béèrè. Mo fẹ́ ní nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò ní ní gbogbo Tokoin.

Mo kà nípa rẹ̀. Mo kà á gan-an. Mo mọ̀ pé ìdílé Jackman tó ń ta irúgbìn ní Woking, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló da ẹ̀yà méjì pọ̀ ní 1858, ọ̀kan láti ilẹ̀ Ṣáínà, èkejì láti gúúsù Yúróòpù, àti pé ibẹ̀ ni elésè àlùkò tó gbajúmọ̀ jù lọ ti wá, tó sì kọ́kọ́ tanná ní 1862. Mo mọ̀ pé Versailles ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Moser ti mú èyí tó ní ilà láàárín jáde ní 1897, tó sọ ọ́ ní Nelly Moser. Mo ń fi ìmọ̀ yìí yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà. Ṣùgbọ́n nínú ohun kan náà tí mo kà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà òtútù àwọn ìtàkùn wọ̀nyí máa ń wọ́wé, wọ́n á sinmi fún oṣù bíi mélòó kan, agbára tí wọ́n ti kó pamọ́ sí gbòǹgbò ni wọ́n sì fi ń rúwé tí wọ́n fi ń tanná nígbà tí ilẹ̀ bá tún móoru. Kì í ṣe pé mi ò rí i. Mo rí i, mo sì kà á kọjá bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni.

Ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹ̀yà Ewé wà tó ń ta irúgbìn lẹ́bàá títì ní àdúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń ra òdòdó inú ìkòkò. Mo fi àwòrán náà hàn án, mo ní kó bá mi wá a. Ó wò ó dáadáa. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, ìtàkùn yìí ń fẹ́ ìgbà tó máa sùn. Níbí, kò sí ìgbà tí ilẹ̀ máa ń tutù. Kò ní rí oorun sùn.” Mo bi í bóyá ó ti gbìn ín rí. Ó ní rárá. Mo ní, “Kí lo wá mọ̀?” Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin nǹkan sínú yanrìn Lomé.

Ẹnì kejì tó kìlọ̀ fún mi ni àbúrò bàbá ọkọ mi, tó ń gbé ní Atakpamé. Ọmọ Ifẹ̀ ni ìdílé ọkọ mi, àwọn Ifẹ̀ tó wà lórí òkè Atakpamé láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, tí èdè wọn àti tiwa jẹ́ ọmọ ìyá. Bàbá wá kí wa, ó bá mi níbi tí mo ti ń wọn ògiri. Ó ní, “Ìyàwó, kí lo fẹ́ ṣe?” Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ìyá ọkọ mi ló mú ìtàkùn náà wá láti Atakpamé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé yìí. Igi rẹ̀ kan ṣoṣo ló gé, ó fi aṣọ tútù wé e, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí tó fi dé Lomé. Ó ní, “Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló gbìn ín fún. Bí o bá fẹ́ gbin tìrẹ, gbìn ín síbòmíràn. Ògiri pọ̀ nínú ọgbà yìí.”

Òótọ́ ni. Ògiri pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ni wọ́n á kọ́kọ́ rí láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.” Bàbá padà sí Atakpamé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo pe aládàá. Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí àwọn ewé tó ti ń rọ nílẹ̀. Ó dúró. Kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé.

Àwọn clematis náà dé ní oṣù Kìíní, mẹ́rin, nínú àpótí aṣọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Òfin ní kí irúgbìn tó bá ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ̀ sí òmíràn ní ìwé ẹ̀rí pé kò gbé àrùn tàbí kòkòrò wá. A kò gba ìwé kankan. Mo ní kó fi wọ́n há àárín aṣọ. Èyí náà wà lára ohun tí mo ní láti sọ, nítorí bí àrùn bá wà lára wọn ni, ọgbà ẹlòmíràn ni ì bá lọ sí. Yúrò 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yúrò kan sì jẹ́ sẹ́fà 656 ó dín díẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 52,000 sẹ́fà kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sanwó fún bíríkìlà tó wa ilẹ̀ jinlẹ̀, tó kó yanrìn kúrò, tó fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Mo ra ilẹ̀dú tí wọ́n gbé láti ọ̀nà Kpalimé wá. Mo ra ajílẹ̀. Mo ra pákó tí wọ́n máa gùn.

Wọ́n hù. Ẹ gbọ́ o, wọ́n hù! Ọyẹ́ ṣì wà, òru ṣì tutù díẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n ti fi sínú gbòǹgbò ní Faransé ni wọ́n sì ń jẹ. Ewé tútù yọ lójú igi tó dà bí èyí tó ti gbẹ, ọrùn ewé sì ń wé mọ́ pákó fúnra rẹ̀. Mo ya àwòrán. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù mi. Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin Ewé yẹn, mo fi hàn án. Ó kí mi kú oríire. Nígbà tí oṣù Kẹta wọlé, ọ̀kan lára wọn yọ òdòdó kan. Kò fẹ̀ tó ojú ìdérí ìgò, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣí kí ó tó là tán. Mo tún ya àwòrán.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti rí i. Ní Lomé, ooru òru kì í sábà wálẹ̀ ju ìwọ̀n 22 lọ, ní oṣù Kẹta kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ìtàkùn a máa fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ṣe oúnjẹ, a sì máa ná an lóru láti fi mí. Bí òru bá tutù, díẹ̀ ló ń ná. Bí òru bá gbóná, púpọ̀ lára ohun tó ṣe lọ́sàn-án ló ń ná kílẹ̀ tó mọ́. Fún ìtàkùn tí wọ́n tọ́ fún ilẹ̀ òtútù, gbèsè ni ojoojúmọ́. Ẹ̀gbẹ́ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Igi tuntun ń yọ, ṣùgbọ́n ó ń tín-ín-rín sí i.

Wọ́n ti kọ ọ́ pé clematis ń fẹ́ kí orí rẹ̀ wà nínú oòrùn, kí ìdí rẹ̀ sì tutù. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra yìnyín. Ní àràárọ̀, ọmọ kan ń gbé yìnyín wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta omi tútù, mò ń kó o yí ìdí wọn ká. Oòrùn Lomé á yọ́ ọ kí n tó dé ọjà. Mo ń yọ́ owó sórí ilẹ̀, mo sì ń sọ fún àwọn ará ilé pé wọ́n máa rí i. Ẹni tí ìgbéraga bá ti mú kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ìyẹn ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Òjò ńlá dé ní oṣù Kẹrin. Omi kún inú kòtò tí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù yí ká, kò rí ọ̀nà jáde. Omi gbígbóná ló dúró ti gbòǹgbò tí kò lágbára mọ́.

Wọ́n rà.

Mo hú wọn. Gbòǹgbò dúdú, ó ń rùn. Kò sí ọ̀kan tó yè.

Mi ò wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí mò ń gé wọn sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó di alẹ́, ọwọ́ mi ń yún mí, ó sì lé ròrò láàárín àwọn ìka. Omi inú clematis máa ń bó ara. Ní Faransé láyé àtijọ́, àwọn alágbe a máa fi ewé ẹ̀yà rẹ̀ kan tó ń hù nínú igbó pa ara kí egbò lè yọ, kí àánú wọn lè ṣe àwọn tó ń kọjá, wọ́n sì ń pe ìtàkùn náà ní ewé alágbe títí dòní. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, ẹ rántí èyí.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Rárá o. Ìdána ku oṣù díẹ̀, ògiri ṣófo. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ní apá ibòmíràn nílùú ń ta clématite tí ooru ti mọ́ lára. Mi ò padà sọ́dọ̀ ọkùnrin Ewé ti àdúgbò wa, nítorí ojú ń tì mí. Ó wù mí kí n sọ pé ẹni tó tà á fún mi ló tàn mí jẹ, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mi ò wo ohun tí mò ń rà. Ó wà nínú ọ̀rá dúdú, kò ní òdòdó, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára. Ìwé yẹn ni mo kà. Mi ò wo ewé. Mo san 15,000 sẹ́fà, mo gbé e wálé.

Ó dàgbà kíákíá. Mi ò bu yìnyín sí i, mi ò ṣe nǹkan kan fún un. Ọjọ́ ìdána dé, kò tíì ga kọjá orí ènìyàn, kò sì ní òdòdó. Aṣọ ni mo fi bo ògiri náà, lára èyí tí mò ń tà. Àwọn àna wọlé, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan.

Lẹ́yìn òjò kékeré ti oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ló tanná. Bàbá tún ti Atakpamé wá. Ó lọ síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan òdòdó kan. Ó ní, “Ìyàwó, èyí tí o gé nìyí.”

Òun náà ni. Mo ti bá ìtàkùn ìyá ọkọ mi gbé inú ọgbà kan láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò sì mọ ewé rẹ̀. Mo gé e lọ́fẹ̀ẹ́, mo tún un rà ní 15,000.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá kọ́ ohun tó yẹ kí n kọ́ ṣáájú. Mo mú ẹ̀ka rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń kọ́ni nípa ewéko ní Yunifásítì Lomé, ó sì fi ìwé ńlá tí Brunel, Hiepko àti Scholz kọ ní 1984 lórí àwọn ewéko Togo sí iwájú mi. Ohun tó wà lára ògiri mi ń jẹ́ Thunbergia grandiflora, ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, ó sì fẹ́ràn ooru. Ó ní kí n wo bó ṣe ń gùn. Igi Thunbergia fúnra rẹ̀ ló ń yí mọ́ nǹkan. Ti clematis kò rí bẹ́ẹ̀, ọrùn ewé rẹ̀ ló fi ń di nǹkan mú, èyí tí mo ti fojú ara mi rí lára àwọn mẹ́rin tó kú, tí mi ò sì kà sí. Ó ní kí n wo òdòdó. Ti Thunbergia ní ọ̀fun, ó jìn sínú, ewé márùn-ún tó yọ lẹ́nu rẹ̀ sì so pọ̀ nísàlẹ̀. Òdòdó clematis kò ní ọ̀fun: ewé mẹ́rin, tàbí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lára àwọn ńlá, tẹ́ sílẹ̀ gbalaja láti ojú kan, fọ́nrán tín-ín-rín sì kún àárín rẹ̀. Bí òdòdó bá sì ti rẹ̀, èso clematis a máa ní ìrù onírun funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, nígbà tí ti Thunbergia le, tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí àgógó ẹyẹ. Ewé àwọn méjèèjì ń kọjú síra wọn lára igi, nítorí náà ìyẹn nìkan kò tó láti fi dá wọn mọ̀. Ọ̀pọ̀ clematis ló ní ewé tó pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún lórí ọrùn kan. Ti Thunbergia kò pín.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tó sọ kẹ́yìn. Clematis wà nílẹ̀ wa. Clematis hirsuta ni wọ́n ń pè é, ó ń hù láti Senegal títí dé Etiópíà, Togo náà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo padà bá Bàbá ní Atakpamé, ó mú mi lọ sẹ́bàá oko kan lórí òkè, ó fi hàn mí lórí igbó. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun bíi wàrà, ewé mẹ́rin, ìrù onírun ti ń yọ lára àwọn tó ti gbó. Bàbá mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mi ò bi í rí. Òkè ló fẹ́ràn, níbi tí òru ti ń tutù ju ti etí òkun lọ, èmi kò sì ní gbé e wá sí Lomé kí n tún pa òun náà.

Nínú ọgbà ọkùnrin Ewé ti àdúgbò wa, tí mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàkùn kan wà tó ń jẹ́ Clerodendrum thomsoniae. Òdòdó pupa ló ń yọ láàárín ìbòrí funfun. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ilé rẹ̀, ìyàwó míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Thomson, tó ṣiṣẹ́ ní Calabar, ni wọ́n sì fi sọrí. Ní Yúróòpù, inú ilé onígíláàsì ni wọ́n ti ń gbìn ín, wọ́n ń sanwó láti mú inú ilé náà gbóná nígbà òtútù kó má baà kú. Èmi ń ra yìnyín fún tiwọn. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ sẹ́fà ni wọ́n ń ta tiwa lẹ́bàá títì, kò sì sí ẹni tó ń yà á ní àwòrán.

Ohun tí mo pàdánù kì í ṣe owó nìkan. Ìtàkùn ìyá ọkọ mi ti bo ògiri yẹn pátápátá, ó ń gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ kó tó kan yàrá wa. Láti ìgbà tí mo ti gé e, ògiri ń gbóná títí di ọ̀gànjọ́. A ra ẹ̀rọ amúlétutù, owó iná mànàmáná ga sókè lóṣooṣù. Ọkọ mi kò tíì bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn ń jókòó síta lálẹ́ títí yàrá á fi rọlẹ̀ díẹ̀. Igi kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ gbé lé itan, kò sí ibi tí mo ti lè rà á. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, irú kan náà ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin tó wà ní Lomé, ní Kọ̀tọ̀nú, ní Èkó, ní gbogbo etí òkun wa yìí, clematis olódòdó ńlá kò ní yè lọ́dọ̀ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní èyí tó ń gbé inú ooru, ẹ ní kó fi ìtàkùn rẹ̀ tó ti tanná hàn yín, ẹ wo ọ̀fun òdòdó, ẹ wo ohun tó fi ń gùn, kí ẹ tó yọ owó. Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ sọ fún un pé kó má ṣe. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà lára ògiri yín, ẹ bi àgbà ilé léèrè ẹni tó gbìn ín àti ìdí tó fi gbìn ín síbẹ̀.